Áàpù tí a fi ń mójú tó iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kékeré: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tí mo kọ èyí fún ni ẹni tó ní iléeṣẹ́ kékeré, tí iṣẹ́ ń wọlé fún, ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dé àfi tó bá kọ́kọ́ pe ènìyàn méjì mẹ́ta lórí fóònù. Ilé ìtẹ̀wé ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó kún Ṣómólú l'Ékòó. Níbẹ̀, ìwé kan ṣoṣo lè gba ọwọ́ ilé márùn-ún kó tó di odidi: ẹnì kan ya dísáìnì, ẹnì kan ṣe pléètì (páànù tí ẹ̀rọ fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà), ẹlòmíràn ló ni ẹ̀rọ, ẹlòmíràn ló ń ṣe láminéṣọ̀n (rọ́bà fẹ́lẹ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú ìwé), ẹlòmíràn ló ń gé e tó sì ń dì í. Bó bá jẹ́ aṣọ lẹ ń rán, tàbí àga lẹ ń kàn, tàbí fèrèsé alumíníọ̀mù lẹ ń ṣe, ẹ fi ìpele iṣẹ́ tiyín rọ́pò tèmi. Ìlànà kan náà ni.

Kí ni áàpù yìí ń ṣe gan-an?

Ó ń jẹ́ kí ẹ mọ nǹkan mẹ́ta nípa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ibi tó dé, ọwọ́ ẹni tó wà, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde. Bí ẹ bá ti lè mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì pe ẹnikẹ́ni, áàpù ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn nǹkan yòókù tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ lè dúró ná.

Lójú fóònù, pátákó kan lẹ máa rí. Kọ́lọ́ọ̀mù tò sórí rẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún, ìpele iṣẹ́ kan sì ni kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ kan, káàdì kan. Bí iṣẹ́ bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe dísáìnì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìka fa káàdì náà bọ́ sí kọ́lọ́ọ̀mù tó kàn.

Gbogbo wa ló wà lórí WhatsApp. Ṣé kò tó?

WhatsApp dára fún ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ pa á tì. Ohun tí kò lè ṣe ni kó di ọ̀rọ̀ mú síbi tí ẹni tó nílò rẹ̀ yóò ti rí i. Oníbàárà fi àtúnṣe orúkọ ránṣẹ́ láàárọ̀. Lọ́sàn-án, ẹlòmíràn fi fọ́tò mẹ́jọ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé ń kí ẹnì kan kú oríire ọjọ́ ìbí. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe pléètì, àtúnṣe orúkọ yẹn ti wọ igbó lọ. Kò sí ẹni tó ṣọ̀lẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àtúnṣe náà wà níbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ojú ẹni tó yẹ kó rí i kò tó o ni. Èyí tí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ tún wá burú jù, nítorí kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ wá orúkọ nínú ohùn.

Òfin kan ni mo máa ń ní kí wọ́n fi lélẹ̀, kí gbogbo ilé sì mọ̀ ọ́n: ohunkóhun tó bá yí iye, ọjọ́, owó tàbí ọ̀rọ̀ inú ìwé padà kò tíì ṣẹlẹ̀ títí yóò fi dé orí káàdì. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà ló ń kọ ọ́ síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó máa ṣe iṣẹ́.

Iléeṣẹ́ mi kéré gan-an. Ṣé mo nílò rẹ̀?

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin àti ọmọ iṣẹ́ kan lẹ jọ wà nínú yàrá kan, ìwé nóòtù tó ní ìlà tó bára mu ti tó yín. Àsìkò tó yẹ kí ẹ kúrò nídìí ìwé ni ìgbà tí iṣẹ́ kan bá ti ń gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá, tàbí tí oníbàárà bá pè tí ẹ sì rí i pé "ẹ jẹ́ n pè yín padà" lẹ ń sọ ní gbogbo ìgbà.

Èwo ni kí n mú nínú gbogbo èyí tó wà níta?

Fún ilé ìtẹ̀wé tí kò ju ẹni mẹ́wàá lọ, Trello ni màá kọ́kọ́ gbé fún yín. Ọdún 2011 ló jáde, Atlassian sì rà á ní 2017. Pátákó tí mo ṣàpèjúwe lókè yìí gan-an ni Trello, ìdí sì nìyẹn tí ènìyàn kì í fi í pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n lò. Èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ gba ẹni mẹ́wàá àti pátákó mẹ́wàá. Ó ní ibì kan tó máa ń dá àwọn atẹ̀wé lọ́nà: fáìlì tó bá ju 10MB lọ kò ní wọlé sórí káàdì lórí ètò ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ PDF tí a fẹ́ fi ṣe pléètì sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi fáìlì ńlá sí Google Drive, tí ó ń fún ènìyàn ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ wá lẹ líǹkì rẹ̀ mọ́ káàdì.

Google Sheets náà ń ṣiṣẹ́ bí àwọn ènìyàn yín bá ti mọ Excel tẹ́lẹ̀. Ìlà kan fún iṣẹ́ kan, kí kọ́lọ́ọ̀mù "ibi tó dé" jẹ́ èyí tí wọn yóò ti máa yan ọ̀rọ̀ láti inú àkójọ tí ẹ ti ṣe sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó wù ú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé lórí fóònù, ìlà tín-ínrín tín-ínrín ló máa ń jẹ́, ìka sì rọrùn láti ṣì tẹ̀.

Jira, ti Atlassian náà, ti wà láti 2002, àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ni wọ́n sì ṣe é fún. Ó lágbára ju ohun tí ẹ nílò lọ, àwọn òṣìṣẹ́ yín ni yóò sì jìyà rẹ̀. Asana, tí Dustin Moskovitz tó wà lára àwọn tó dá Facebook sílẹ̀ jọ dá sílẹ̀ ní 2008, dára fún iṣẹ́ ọ́fíìsì ju fún iṣẹ́ tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ. Redmine, tó jáde ní 2006, jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, ẹ sì lè gbé e sórí sáfà tiyín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù náà yóò ti máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo yín. Àmọ́ bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ nípa sáfà nílé, tí yóò máa tún un ṣe tí yóò sì máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, ẹ má dán an wò.

Kí ẹ tó mú èyíkéyìí, ẹ gbé e fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kó ṣí i lórí fóònù tirẹ̀. Bí kò bá lè rí iṣẹ́ tó kàn án láì jẹ́ pé ẹnì kan dúró tì í, ẹ wá òmíràn.

Ṣé kí n ra èyí tí wọ́n ń sanwó fún?

Rárá, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Iye orí ni wọ́n fi ń gba owó rẹ̀, dọ́là sì ni. Ẹni tó ti ń san dọ́là ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, tí Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, mọ bí owó kan náà ṣe di òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀fẹ́ sú yín kí ẹ tó sanwó.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Orí bébà. Ẹ má tíì ṣí áàpù kankan.

Ẹ mú iṣẹ́ kan tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó lọ geere, kí ẹ tún mú òmíràn tó pẹ́. Ẹ pe gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n jókòó. Ẹ bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: ta ló gbé e fún ẹ? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀? Ta lo gbé e fún? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kì í ṣe bó ṣe yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn ìpele kan wà tí ẹ̀yin ọ̀gá kò mọ̀ pé ó wà. Ó lè jẹ́ pé gbogbo PDF ni ẹni tó ń ṣe pléètì máa ń dá padà lẹ́ẹ̀kan nítorí pé kò sí àlàfo ibi tí wọn yóò ti gé e létí. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tí ẹ ń rán lọ ra bébà máa ń dúró de owó láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Láti inú ìtàn iṣẹ́ méjì yìí ni kọ́lọ́ọ̀mù yín yóò ti jáde. Bí ẹ bá lọ da kọ́lọ́ọ̀mù ẹlòmíràn kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ẹlòmíràn lẹ máa fi áàpù ṣe. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣí áàpù tí wọ́n á sì pa á tì kí oṣù tó pé nìyẹn: wọ́n gbé e kalẹ̀ kí wọ́n tó mọ ọ̀nà tí iṣẹ́ tiwọn ń gbà.

Kọ́lọ́ọ̀mù mélòó ló dára?

Mẹ́fà sí mẹ́jọ. Èyí tí mo máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé nìyí, láti òsì: Ìbéèrè (oníbàárà bi iye owó, kò tíì san nǹkan kan), Dísáìnì, Ń dúró de oníbàárà, Pléètì, Orí ẹ̀rọ, Gígé àti dídì, Ó ti ṣetán, Ó ti lọ. Láminéṣọ̀n wà lábẹ́ gígé àti dídì, àyàfi tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yín ti máa ń há. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní kọ́lọ́ọ̀mù tirẹ̀, kí ojú lè máa wà níbẹ̀.

"Ó ti ṣetán" yàtọ̀ sí "Ó ti lọ" gan-an, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ tó ti ṣetán tí oníbàárà kò tíì wá gbé, owó yín ló wà nílẹ̀ yẹn.

Kí ló yẹ kó wà lórí káàdì kan?

Ẹ jẹ́ kí orí káàdì sọ ohun tó ṣe pàtàkì kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i: ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde, ohun tí a ń tẹ̀, iye rẹ̀, orúkọ oníbàárà. Bí àpẹẹrẹ: "14/11, ìwé ètò ìsìnkú, 300, Màmá Bàrígà". Nínú káàdì ni ìyókù wà: bí ìwé ṣe tóbi tó, irú bébà àti ìwọ̀n rẹ̀ (áàtì, ìyẹn bébà dídán, tó jẹ́ 135 gíráàmù kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú 100), ojú kan tàbí ojú méjì, aláwọ̀ tàbí dúdú nìkan, irú láminéṣọ̀n, bí a ó ṣe dì í, iye tí wọ́n san sílẹ̀, iye tó kù, nọ́ńbà fóònù, àti líǹkì fáìlì tí oníbàárà fọwọ́ sí.

Ẹ ṣe káàdì òfìfo kan tí gbogbo ìbéèrè yìí ti wà lórí rẹ̀, kí ẹ máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún iṣẹ́ tuntun. Ẹni tó ń gba iṣẹ́ lẹ́nu oníbàárà yóò máa kà á tẹ̀ lé e, kò sì ní gbàgbé láti béèrè bóyá ojú méjì ni.

Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni kó wà lórí káàdì nígbàkigbà. Bí ẹ bá kọ orúkọ méjì, olúkúlùkù yóò gbà pé ẹnì kejì ti ń ṣe é.

Kí ló dé tí "Ń dúró de oníbàárà" fi ní kọ́lọ́ọ̀mù tirẹ̀? Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì gan-an nìyẹn. Bí mo bá ní kí ẹ mú kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo sọ, èyí ni.

Nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ohun gbogbo ṣì rọrùn láti yí padà títí di ìgbà tí a bá ṣe pléètì. Ìwé aláwọ̀ ń gba pléètì mẹ́rin: búlúù, pupa rẹ́súrẹ́sú, yẹ́lò àti dúdú. Bí oníbàárà bá ní orúkọ ọmọ ìyá àgbà kan kò sí nínú ìwé ètò ìsìnkú lẹ́yìn tí pléètì ti jáde, ó kéré tán ẹ ó tún pléètì dúdú ṣe. Bí ìwé bá ti gorí ẹ̀rọ, bébà àti íǹkì ti bá a lọ. Ta ni yóò san án? Níbi tí kò bá sí ẹ̀rí, ẹ̀yin ni.

Nítorí náà, káàdì kò gbọdọ̀ kọjá síbi pléètì àfi tí fọ́tò ọ̀rọ̀ oníbàárà tó sọ pé òun ti ka pírúùfù (ẹ̀dà tí a fi hàn án kó yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́) tí òun sì fọwọ́ sí i bá wà lórí rẹ̀. "Ó dáa" lórí fóònù kò tó. Ẹ ní kó kọ ọ́, ẹ yà á ní fọ́tò lójú fóònù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì. Kì í ṣe pé ẹ kò fọkàn tán oníbàárà o. Ẹni tí òkú wà nílẹ̀ fún, tí mọ̀lẹ́bí ń pè láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, kò ní rántí ohun tó sọ lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹ̀rí yẹn yóò sì gba òun náà lọ́wọ́ àríyànjiyàn.

Ohun kejì tí kọ́lọ́ọ̀mù yìí ń ṣe ni pé ó ń ya ìdádúró tiwa sọ́tọ̀ kúrò lára ìdádúró oníbàárà. Ṣáájú rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ tó bá pẹ́, ẹni tó ń ṣe dísáìnì ni wọ́n máa ń dẹ́bi fún. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ Fráídè ni oníbàárà tó dáhùn. Ojú tí ọ̀gá fi ń wo òṣìṣẹ́ yóò yí padà, òṣìṣẹ́ náà yóò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ má jẹ́ kí káàdì kankan dúró níbẹ̀ láìní ọjọ́ tí a ó tún pe oníbàárà. Kọ́lọ́ọ̀mù yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò láàárọ̀, kí ẹ tó wo ti ẹ̀rọ. Ẹ sì lè lo àmì aláwọ̀ láti fi ìyàtọ̀ hàn: ọ̀kan fún iṣẹ́ tó ń dúró de pírúùfù, ọ̀kan fún èyí tó ń dúró de owó.

Ní ti ọjọ́ ìfijíṣẹ́, ẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ọjọ́ tó bá fọwọ́ sí pírúùfù ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Kálẹ́ńdà àti létà iléeṣẹ́ lè gba èyí. Ìwé ìsìnkú àti ìwé ìgbéyàwó kò lè gbà á, ọjọ́ wọn kì í yẹ̀. Fún irú wọn, ẹ kọ ọjọ́ kejì sórí káàdì: ọjọ́ tí pírúùfù gbọ́dọ̀ ti padà, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹbí náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ wá.

Ṣé ó yẹ kí n fi òdiwọ̀n sí iye iṣẹ́ tó lè wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù kan?

Ó yẹ. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì lọ: Taiichi Ohno àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Toyota, ní Japan, ló gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, pẹ̀lú káàdì bébà lásán. Bí ibi tó kàn kò bá tíì ṣetán láti gbà á, ibi tó wà lẹ́yìn kò gbọdọ̀ máa ṣe é jọ.

Ní ilé ìtẹ̀wé, bébà tí ẹ ti rà fún iṣẹ́ márùn-ún tí ọ̀kan kò tíì parí nínú wọn, owó tó sùn ni. Ẹni tó ń ṣe dísáìnì iṣẹ́ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà kì í yára parí wọn. Díẹ̀ díẹ̀ ló ń fọwọ́ kan gbogbo wọn, gbogbo wọn á sì jọ pẹ́. Ẹ kọ òdiwọ̀n sí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù: "Dísáìnì, méjì fún ẹnì kan". Bó bá ti pé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa òmíràn wọlé títí ọ̀kan yóò fi jáde. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù Kejìlá, tí gbogbo ayé ń wá kálẹ́ńdà àti jótà, òfin yìí yóò nira láti pa mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni òfin náà máa ń gbà yín sílẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ mi kò fẹ́ lò ó. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wo ara yín. Bí ọ̀gá bá ṣì ń pariwo láti inú ọ́fíìsì pé "ìwé Alhaji dà?", kò sí ẹni tó máa fa káàdì, nítorí ẹnu ṣì yá ju ìka lọ. Ẹ wo pátákó kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí i pé káàdì kò sí níbi tó yẹ, nípa káàdì ni kí ẹ béèrè.

Ohun kejì ni ìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbà pé wọ́n gbé áàpù wá láti fi mú àwọn ni. Ẹ sọ fún wọn lójúkojú pé kò sí owó oṣù tí a ó gé nítorí ohun tó wà lórí pátákó, kí ẹ sì dúró lé e. Ọjọ́ tí ẹ bá fi gé owó ẹnì kan, láti ọjọ́ náà lọ irọ́ ni wọn yóò máa kọ síbẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi.

Láàárọ̀, kí gbogbo yín dúró níwájú pátákó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ka káàdì láti ọ̀tún wá sí òsì: iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kí ẹ ràn án lọ́wọ́ kó jáde, kí ẹ tó máa sọ ti tuntun. Ẹ má jókòó, ìpàdé á gùn.

Ẹni tó ń ṣe láminéṣọ̀n fún wa kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Ṣé kí n fi í sórí pátákó?

Kò pọn dandan. Ẹni tí ẹ rán lọ bá a ló ni káàdì náà títí iṣẹ́ yóò fi padà. Ìyẹn yóò tún fi àyè sílẹ̀ nínú ẹni mẹ́wàá tí Trello gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé mo lè fi Yorùbá kọ ọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù, orúkọ káàdì, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló gba Yorùbá, Gboard, áàpù kíbọ́ọ̀dù ti Google fún fóònù, sì ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Kìkì àwọn bọ́tìnnì áàpù náà ni yóò ṣì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fara mọ́ ọn gidigidi pé kí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Ẹ kàn jọ fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe máa kọ orúkọ oníbàárà, pẹ̀lú àmì tàbí láìsí àmì, kí ẹni tó bá ń wá a lè rí i.

Iná kì í dúró, dátà náà wọ́n. Ṣé yóò ṣiṣẹ́?

Yóò ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ lásán ni káàdì, kì í jẹ dátà púpọ̀. Fọ́tò àti PDF ló ń jẹ ẹ́. Trello orí fóònù gbà kí ẹ ṣí pátákó kí ẹ sì yí i padà nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí, yóò sì fi ránṣẹ́ nígbà tó bá padà dé. Google Sheets náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ti sọ fún un ṣáájú pé kó tọ́jú fáìlì náà sórí fóònù.

Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Bí fóònù tó dára kò bá ju ọ̀kan lọ nílé, ẹ fi bébà ṣe káàdì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹnì kan sì máa da ohun tó wà lára ògiri kọ sórí áàpù ní ìrọ̀lẹ́.

Ta ló yẹ kó rí ohun tó wà lórí pátákó?

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé yín nìkan. Nígbà tí ẹ bá ń ṣí pátákó, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé lè rí lẹ mú. Pátákó Trello tó wà ní gbangba, Google lè rí i, nọ́ńbà fóònù oníbàárà yín yóò sì wà níta. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kò yọ iléeṣẹ́ kékeré sílẹ̀: orúkọ àti nọ́ńbà tí ènìyàn fún yín nítorí iṣẹ́ kan, nítorí iṣẹ́ náà ló fún yín.

Bí ẹ bá ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún iléèwé, fáìlì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé orí pátákó rárá. Ẹ fún iṣẹ́ náà ní nọ́ńbà lásán, kí fáìlì wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Íméèlì iléeṣẹ́ ni kí ẹ fi ṣí áàpù náà. Ẹ má fi ti àbúrò tó bá yín gbé e kalẹ̀, nítorí ọjọ́ tó bá rìnrìn àjò, òun ló ni kọ́kọ́rọ́. Òṣìṣẹ́ tó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ṣé mo lè fi ṣe ìṣirò owó?

Rárá. Ẹ kọ owó àsansílẹ̀ àti èyí tó kù sórí káàdì kí ẹnikẹ́ni má baà gbé iṣẹ́ jáde láìsan tán. Èrè àti àdánù ní ìwé tirẹ̀.

Ṣé kí n kó gbogbo iṣẹ́ àtijọ́ wọ inú rẹ̀?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ lónìí nìkan ni kí ẹ kọ, kí gbogbo iṣẹ́ tuntun sì wọlé láti ọ̀la. Iṣẹ́ tó ti lọ ti lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan máa fa igi sára bébà ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá pè láti béèrè pé ìwé òun dà. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí igi kò bá dín kù, ẹ padà sórí bébà ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpele kan wà tí ẹ kò kọ. Ẹ tún dán èyí wò: ẹ lọ síta fún ọjọ́ kan, kí ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá lè sọ láti orí fóònù yín nìkan ohun tó máa jáde lọ́la, ó ti ń ṣiṣẹ́.

Bí mo bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ sí òmíràn ńkọ́?

Ẹ rí i dájú pé ọ̀nà àbájáde wà kí ẹ tó wọlé. Trello gbà kí ẹ kó gbogbo pátákó jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní fáìlì JSON, irú fáìlì tí áàpù mìíràn lè kà. CSV, tó ń ṣí nínú Excel, wà fún àwọn tó ń sanwó. Google Sheets ń jáde bí Excel nígbàkigbà. Ẹ jẹ́ kí kíkó jáde yìí jẹ́ iṣẹ́ ìparí oṣù, kí orúkọ ẹnì kan wà lára rẹ̀, kí fáìlì náà sì wà lórí kọ̀ǹpútà tàbí fláàṣì tí kò sí nínú ilé iṣẹ́.